Ṣé oúnjẹ tí ẹ jẹ kẹ́yìn ló ṣe yín lóòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó dìjà nínú ilé. Àwa mẹ́rin la lọ jẹun níbi àpèjẹ kan lọ́sàn-án Sátidé; ọkọ mi àti màmá wọn dúró sílé. Ní alẹ́ Sọ́ńdè, gbogbo wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ ẹran tí mo sè. Nígbà tó fi máa di alẹ́ Mọ́ńdè, inú rírun, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ti mú mẹ́ta nínú àwa tó lọ síbi àpèjẹ. Ara ọkọ mi àti ti màmá wọn le koko. Síbẹ̀ màmá ní ẹran mi ni, torí òun la jẹ kẹ́yìn. Pé oúnjẹ wo ló ń dúró ọjọ́ méjì nínú kó tó jà? Ẹlòmíì ní kí n lọ fi tó àwọn elétò ìlera létí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe? Kí wọ́n tó dé, inú á ti dá.

* * *

Oúnjẹ tó ń dúró ọjọ́ méjì pọ̀ rẹpẹtẹ. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ń ṣe. Ilé ìdáná àwọn tó ń se oúnjẹ tà ni mo máa ń yẹ̀ wò, mo sì máa ń wà lára àwọn tí wọ́n ń rán lọ bi aláìsàn léèrè ohun tó jẹ. Ká tó jókòó tán ni wọ́n á ti nàka sí oúnjẹ tó wọlé kẹ́yìn. Òun ni wọ́n rántí, òun ni wọ́n rí nínú èébì, òun náà ni wọ́n dá lẹ́bi.

Bẹ́ẹ̀, àkókò tí kòkòrò àrùn kọ̀ọ̀kan ń gbà kó tó fi ara hàn yàtọ̀ síra. Staphylococcus aureus máa ń ti imú tàbí egbò ọwọ́ alásè bọ́ sínú oúnjẹ, á sì ti tú oró sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án, nítorí náà èébì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí 8. Norovirus ń gba wákàtí 12 sí 48. Salmonella lè gba wákàtí 6, ó sì lè gba ọjọ́ 6. Campylobacter, ọjọ́ 2 sí 5. E. coli O157, ọjọ́ 3 tàbí 4 lọ́pọ̀ ìgbà. Hepatitis A, tí ń sọ ẹyinjú di pupa rúsúrúsú, ọjọ́ 15 sí 50. Listeria lára aboyún lè tó 70 ọjọ́. Ta ló rántí ohun tó fi jẹ búrẹ́dì ní oṣù méjì sẹ́yìn?

Ẹ wá wo tiyín. Láti ọ̀sán Sátidé sí alẹ́ Mọ́ńdè, ó lé díẹ̀ ní wákàtí 48. Láti alẹ́ Sọ́ńdè sí alẹ́ Mọ́ńdè, wákàtí 24. Salmonella lè bá méjèèjì mu, torí náà aago nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí. Àwọn tó máa dá a ni ọkọ yín àti màmá: wọ́n jẹ ẹran Sọ́ńdè, nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Nídìí iṣẹ́ yìí, a máa ń bi ẹni tí ara rẹ̀ le léèrè tó bí a ṣe ń bi aláìsàn, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú ìwé, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹun, ẹ kọ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àmì sí ẹni tó jẹ ẹ́ àti ẹni tí kò jẹ ẹ́. Oúnjẹ tí àwọn aláìsàn jẹ, tí àwọn tí ara wọn le kò jẹ, òun lẹ máa tẹjú mọ́. Ẹ sì bi ẹnì kẹrin yín tó lọ síbi àpèjẹ tí kò ṣàìsàn: kí ni kò fọwọ́ kàn lórí tábìlì?

Èèyàn mẹ́fà kéré láti fi dájọ́ o. Ẹ má tìtorí ohun tí mo sọ yìí lọ bá alásè àpèjẹ náà jà. Ṣùgbọ́n ní ti ẹran yín, màmá lè mú ẹjọ́ wọn kúrò.

* * *

Nínú àwọn tó ti fèsì sí ìbéèrè yìí, ẹnì kan ní òun kì í jẹ ohun tó bá ti ń rùn, pé imú òun tó òun. Imú wúlò fún ohun tó ti bàjẹ́. Àwọn kòkòrò tí ń mú oúnjẹ kan, tí ń mú un yọ̀, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àwọn tí ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀, ọ̀tọ̀. Salmonella kì í pa òórùn ẹran dà, kì í pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Oúnjẹ tó ń ta sánsán lè gbé yín dé ilé ìwòsàn.

* * *

Ọ̀rọ̀ tó fa awuyewuye jù ni ti oúnjẹ àná tí a tún gbé kaná. Ọ̀pọ̀ ní bí iná bá ti kàn án dáadáa, tí ó hó kùtùkùtù, kò sí kòkòrò tó máa yè é. Àwọn kan tilẹ̀ ní ìgbà tí a bá gbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì ló ń dùn. Ti pé ó ń dùn, mi ò bá wọn jiyàn.

Òótọ́ ni pé iná ń pa kòkòrò. Bí àárín oúnjẹ bá gbóná dé 70°C, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á kú. Oró tí wọ́n ti tú sílẹ̀ kí iná tó dé ni ìṣòro. Ẹ mú ìrẹsì. Bacillus cereus máa ń ti inú oko bá a wálé, ó sì lè sára pa mọ́ sínú èèpo líle kan tí omi híhó kò lè bàjẹ́. Bí ìrẹsì bá jinná tán, tó wá wà ní lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí púpọ̀, kòkòrò náà á jáde nínú èèpo, á bí sí i, á sì tú oró tí ń fa èébì. Ẹ sè é, ẹ dín in, oró yẹn kò gbọ́. Ti Staphylococcus náà rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní “mo tún un gbé kaná dáadáa” ti pẹ́ jù: ìgbà tí ìrẹsì wà nílẹ̀ ni ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́.

Clostridium perfringens ní tirẹ̀ fẹ́ràn ìkòkò ńlá. Òun náà ní èèpo líle. Ọbẹ̀ tàbí ẹran tí wọ́n sè fún ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n fi sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń pọ̀ sí i. Ní wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn tí èèyàn bá jẹ ẹ́, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ, á yàgbẹ́ gbuuru, ibà kì í sábà sí níbẹ̀. Mo ti wọ ilé ìdáná kan láàárọ̀ kùtùkùtù, mo ki tẹ̀mómítà bọ àárín ìkòkò tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti alẹ́, tí wọ́n dé pa. Ó ṣì gbóná bí ara èèyàn. Ọ̀gá alásè ní òun fi í sílẹ̀ kó lè tutù ni. Gbogbo òru ló ti wà láàárín 5°C sí 60°C, ibi tí wọ́n ti ń bí sí i jù.

Kí ni ká ṣe? Ẹ bù ú sínú àwo fẹ̀ǹfẹ̀ tí kò jìn, kí ó má nípọn. Ẹ jẹ́ kí èéfín rẹ̀ dínkù díẹ̀, kó tó pé wákàtí 2 kó ti wà nínú fíríìjì tó tutù tó 5°C tàbí tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ní oúnjẹ gbígbóná á ba fíríìjì jẹ́ ń ronú nípa odindi ìkòkò. Àwo kékeré tó lọ́wọ́ọ́rọ́ kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Bí iná mànàmáná kò bá sì dúró, ìwọ̀nba tí ẹ lè jẹ tán ni kí ẹ sè. Mi ò ní ọgbọ́n míì fún ìyẹn.

* * *

Nípa adìyẹ tútù tí à ń fọ̀ kí á tó sè é. Mo mọ̀ pé wọ́n máa bínú sí mi.

Omi tó ń tú lórí ẹran tútù máa ń ta káàkiri: sára ọwọ́, sára abọ́, sórí ẹ̀fọ́ tí ẹ fẹ́ jẹ ní tútù. Kò pa ohunkóhun. Ó kàn ń pín in kiri ni. Iná ló ń pa á. Àwọn tó ń takò mí ní àwọn kò lè jẹ ẹran tí ìyẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, mi ò sì lè sọ pé kí wọ́n jẹ ẹ́. Bí ẹ bá máa fọ̀ ọ́, inú abọ́ tó jìn ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́, kí omi má ta káàkiri, kí ohun tí a kì í sè má sí nítòsí, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ àti ọwọ́ yín lẹ́yìn náà. Pákó tí ẹ fi gé ẹran tútù kò gbọdọ̀ gé ohun tí a máa jẹ láìsè títí ẹ fi máa fọ̀ ọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé adìyẹ là ń bá jà tó báyìí, tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu ba pákó náà.

Ẹni tó béèrè bóyá ọtí apakòkòrò tí wọ́n ń fi pa ọwọ́ tó: kò tó fún Norovirus. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn.

* * *

“Bàbá mi ń mu ẹyin tútù láràárọ̀, wọ́n sì lo àádọ́rùn-ún ọdún láyé.” Mo bá yín yọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ ní 2015 pé bí mílíọ̀nù 600 èèyàn ni oúnjẹ ń gbé dùbúlẹ̀ lọ́dọọdún, pé 420,000 ń kú, àti pé 125,000 nínú àwọn tó ń kú náà jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Bàbá yín kò sí lára wọn, inú mi dùn. Àwọn ọmọ yẹn kò dàgbà débi tí wọ́n á fi wá sọ tiwọn.

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó sì gbàgbé rẹ̀. Oúnjẹ kan náà, aboyún jẹ ẹ́, oyún bàjẹ́. Bí ẹ bá ń sè fún ẹlòmíì, ara tiwọn lẹ máa fi ṣe òdiwọ̀n.

* * *

Mo padà sí ìbéèrè kejì, torí òun ló jẹ mí lógún jù: kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Jámánì. E. coli O104:H4 ni. Ó mú èèyàn tó ju 3,800 lọ, ó ba kíndìnrín àwọn tó ju 800 jẹ́, èèyàn tó lé ní 50 sì kú. Wọ́n bi àwọn aláìsàn léèrè ohun tí wọ́n jẹ. Wọ́n dárúkọ tòmátì, kùkúḿbà àti ewé tútù. Ní Hamburg, wọ́n rí E. coli lára kùkúḿbà tó wá láti Sípéènì, wọ́n sì kéde rẹ̀ fáráyé. Àyẹ̀wò tó tẹ̀lé e fi hàn pé kòkòrò ọ̀tọ̀ ni. Nígbà náà, ẹ̀pa kò bóró mọ́: ẹ̀fọ́ ti ń jẹrà lóko kiri Yúróòpù, owó tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi tu àwọn àgbẹ̀ nínú sì lé ní mílíọ̀nù 200 Yúróò.

Ohun tó ṣe é gan-an ni irúgbìn fenugreek tí wọ́n jẹ́ kó hù díẹ̀, tí wọ́n ń jẹ ní tútù. Kí ló dé tí àwọn aláìsàn kò sọ ọ́? Wọn kò rántí ni. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn péré ló rántí pé àwọn jẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, torí wọ́n kàn máa ń wọ́n ọn sórí oúnjẹ ni. Àwọn olùwádìí wá lọ sí ilé oúnjẹ kan tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ti jẹun, wọ́n kó ìwé owó tí oníbàárà san, wọ́n wo fọ́tò tí àwọn èèyàn yà nídìí tábìlì, wọ́n sì bi alásè léèrè ohun tó ń wọ inú àwo kọ̀ọ̀kan. Ó hàn pé àwọn tí wọ́n gbé irúgbìn híhù náà fún ṣàìsàn ní ìlọ́po 14 ju àwọn tí wọn kò gbé e fún. Ọ̀dọ̀ alásè ni ìdáhùn wà ní gbogbo àkókò yẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọjọ́ tí inú bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ ohun tí ẹ jẹ sílẹ̀, ó kéré tán ti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Bó bá lè pé ọ̀sẹ̀ kan, ó dáa jù. Ẹ lo fọ́tò inú fóònù yín, ẹ lo ìwé owó, ẹ lo àtẹ̀jíṣẹ́ ilé ìfowópamọ́. Nǹkan wọ̀nyí kì í gbàgbé.

Ti Gúúsù Áfíríkà ló sì dáhùn ìbéèrè yín tààrà. Ní 2017 sí 2018, Listeria mú èèyàn 1,060, èèyàn 216 kú, bí ìdá méjì nínú márùn-ún àwọn tó mú ló jẹ́ ọmọ tuntun. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá, wọn kò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ní oṣù kìíní 2018, àwọn ọmọdé mẹ́sàn-án láti ilé ìtọ́jú ọmọ kan ní Soweto dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ibà àti ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn dókítà fura sí oúnjẹ, wọ́n gba ìgbẹ́ wọn fún àyẹ̀wò. Àwọn wolé-wolé lọ sí ilé ìtọ́jú náà, wọ́n ṣí fíríìjì, wọ́n bá pólónì níbẹ̀, ẹran lílọ̀ tí wọ́n ti sè tán láti iléeṣẹ́. Wọ́n rí Listeria nínú ìgbẹ́ ọmọ kan, wọ́n rí i nínú pólónì, àmì àbùdá rẹ̀ sì bá ti àwọn tó ti ń kú káàkiri orílẹ̀-èdè mu. Ó gbé wọn dé iléeṣẹ́ kan ní Polokwane. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta, ìjọba kéde pé kí wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ.

Ìgbẹ́ ọmọ kan nìyẹn. Inú ọmọ náà ìbá ti dá kí àbájáde tó jáde, ó sì ṣeé ṣe kí òbí rẹ̀ ti ní kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Bí ẹ bá gbé tiyín lọ, ó lè má wúlò fún yín rárá. Wọ́n á tọ́jú àbùdá kòkòrò inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹni tó ń gbé ìlú míì bá ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹnì kan á rí i pé ẹ jọ jẹ ohun kan. Amẹ́ríkà ti ń ṣe é láti 1996 lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní PulseNet, lẹ́yìn tí ẹran lílọ̀ inú búrẹ́dì tí kò jinná mú èèyàn tó ju 700 ní 1993, tí ọmọ mẹ́rin sì kú.

* * *

Ẹni tó ní òun á kúkú gbé orúkọ olóúnjẹ náà sórí Facebook kí ayé lè mọ̀ ọ́n: ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ẹ ti gbọ́ ti kùkúḿbà Sípéènì. Àwọn tó ní yàrá àyẹ̀wò lẹ́yìn ló ṣe ìyẹn. Kí wá ni ẹ̀yin tí ẹ kò ní ju fóònù lọ́wọ́? Ẹ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má sì da oúnjẹ tó ṣẹ́kù nù. Ẹ wé e, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, ẹ tì í sínú fíríìjì níbi tí ọmọdé kò ti ní mú un jẹ.

* * *

Nípa oògùn. Mo rí i pé àwọn mẹ́ta ti dárúkọ oògùn apakòkòrò àti oògùn tí ń so ìgbẹ́ fún ìyá tó béèrè ọ̀rọ̀. Mi ò kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n méjì nínú ohun tí ẹ sọ yẹn lè pa èèyàn. Èkíní, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tó sì jẹ́ E. coli irú O157, oògùn apakòkòrò lè mú kí ewu kíndìnrín pọ̀ sí i. Èkejì, oògùn tí ń so ìgbẹ́ kò dáa fún ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tàbí èyí tó bá ibà wá. Ó tún wà pé bí ẹ bá ti lo apakòkòrò kí ẹ tó gbé ìgbẹ́ lọ fún àyẹ̀wò, yàrá àyẹ̀wò lè má rí nǹkan kan mọ́. Àyẹ̀wò ni kó ṣáájú.

Omi tó ń jáde lára ló ń pa ọ̀pọ̀ ọmọdé. ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi mu, díẹ̀díẹ̀, léraléra, kódà bó bá ń bì. Bí ọmọ bá ti ń tòògbé ju bó ṣe yẹ, tí kò tọ̀, tí ojú rẹ̀ jìn wọnú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ má dúró ka ìdáhùn ẹnikẹ́ni níbí, títí kan tèmi. Ilé ìwòsàn ni.

* * *

Ẹnì kan ní gbogbo èyí kò ní ṣẹlẹ̀ bí gbogbo alásè bá ní ìwé ẹ̀rí ìlera. Ìwé náà dáa. Ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò ló ń sọ nípa rẹ̀. Kò lè sọ ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Ẹ sì rántí Mary Mallon, alásè kan ní New York tí wọ́n rí ní 1907 pé ó ń gbé kòkòrò táífọ́ọ̀dù kiri, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ àárẹ̀ kankan lára. Wọ́n sé e mọ́ títí di 1910, wọ́n tú u sílẹ̀ lórí àdéhùn pé kò ní se oúnjẹ tà mọ́. Ó lọ ń fọṣọ, owó rẹ̀ kò tó ti alásè. Ó pa orúkọ dà, ó padà sídìí ìkòkò. Ní 1915 wọ́n bá a ní ilé ìwòsàn àwọn aboyún, níbi tí èèyàn 25 ti ṣàìsàn, wọ́n sì sé e mọ́ títí ó fi kú ní 1938. Àwọn kan ń bú u. Ó jẹ̀bi, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò fún un ní iṣẹ́ tó lè bọ́ ọ, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ nílé ìdáná títí di òní nìyẹn: ẹni tí kò ní gbowó bí kò bá wá, á wá, á sì gbẹ́nu dákẹ́ nípa ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀. Ó yẹ kó wà nílé títí wákàtí 48 á fi kọjá lẹ́yìn tí inú àti èébì bá dá, kí owó rẹ̀ sì máa wọlé.

Torí náà, bí mo bá wọ ilé ìdáná, kí n tó ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí wá, mo máa ń bi ọ̀gá wọn pé: ìgbà wo ni òṣìṣẹ́ kan sọ fún yín kẹ́yìn pé inú ń ṣe òun, kí lẹ sì ṣe? Ẹni tó bá ní ó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá, pé òun dá a padà sílé, òun sì san owó rẹ̀, mi ò kì í pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọdún tó ti ń ṣòwò, ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni mo ti máa ń yẹ gbogbo nǹkan wò, títí dórí ìkòkò.